Ẹ̀sìn Mẹ́ta Gba Agboolé Kan, Ẹgbẹ́ Òṣèlú Méjì Kò Gbà Á: Ìbágbépọ̀ Àwọn Tí Èrò Òṣèlú Wọn Yàtọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, 1951 sí 1983

Ìfáárà

Ó ti di àṣà láàárín àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ Yorùbá láti máa tọ́ka sí agboolé tí ẹ̀sìn mẹ́ta ń gbé inú rẹ̀ láìjà. Bàbá lè jẹ́ lèmọ́mù, kí àbúrò rẹ̀ jẹ́ alàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìyá àgbà sì máa bọ Ọ̀ṣun ní ẹ̀yìnkùlé. Bí Iléyá bá dé, ẹran a kárí. Bí Kérésìmesì bá dé, ìrẹsì a kárí. David Laitin gbé ìwé kan jáde ní 1986 lórí ìbéèrè yìí gan-an: kí ló dé tí ẹ̀sìn kò fi di ohun tí ó pín àwọn Yorùbá níyà nínú òṣèlú? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìlú tí baba ńlá ẹni ti wá ni Yorùbá fi ń dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú òṣèlú, kì í ṣe mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. J. D. Y. Peel náà yẹ ọ̀rọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀sìn wò láti ọ̀nà mìíràn nínú ìwé rẹ̀ ti 2016 lórí ẹ̀sìn Kírísítì, Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn òrìṣà.

Ohun tí a kì í sábà gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rí yìí ni pé irú agboolé bẹ́ẹ̀ náà ni ó fọ́ láàárín 1962 sí 1966. Àwọn ènìyàn tí wọ́n lè fara da ìyàtọ̀ lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run àti ọ̀run kò lè fara da ìyàtọ̀ lórí ẹni tí yóò jẹ́ olórí ìjọba ní Ìbàdàn. Ọ̀rọ̀ náà yani lẹ́nu bí a bá rò ó dáadáa. Bí ìfaradà bá jẹ́ ìwà tí a bí mọ́ Yorùbá, ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́ ní ìhà méjèèjì.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìwà kọ́ ni ó ń pinnu rẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí gbogbo ará ìlú jọ ni, tí kò sì sí ẹni tí ó lè gbé láìsí wọn: ilé ẹjọ́ tí a ti ń dá ẹjọ́ ilẹ̀, owó orí, owó kòkó, oyè, ibi ìsìnkú, ibi eré. Níwọ̀n ìgbà tí ìyàtọ̀ èrò kò bá ti kan àwọn nǹkan wọ̀nyí, ènìyàn a máa jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, wọn a sì jọ jẹun. Ìgbà tí ẹgbẹ́ kan bá gbá wọn mú ni aládùúgbò di ọ̀tá.

Òwe kò tó ẹ̀rí

Ó rọrùn láti fi òwe dáhùn ìbéèrè wa. A ó ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A ó ní ahọ́n àti eyín a máa jà, wọn a sì tún rẹ́. A ó ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí àlàáfíà ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń to irú òwe báyìí jọ, tí ó sì ń parí síbẹ̀. A kò rí i pé ọ̀nà yìí gbé wa dé ibì kan. Àwọn òwe tí ó ń kọ́ni láti fura sí ọmọnìkejì kò kéré: ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà, èyí ni pé kò sí ohun rere tí ẹni tí a kórìíra lè ṣe tí a ó gbà pé ó ṣe é. Ẹni tí ó bá fẹ́ jà yóò rí òwe, ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́ yóò rí òwe.

Pẹ̀lúpẹ̀lù, àwọn tí wọ́n wà nídìí ìjà náà kì í ṣe òpè nínú èdè. Nínú gbogbo olóṣèlú ìgbà náà, bóyá ni a lè rí ẹni tí òwe àti àwàdà Yorùbá yọ̀ mọ́ lẹ́nu tó Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ẹni tí ó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service rí. Ìjọba rẹ̀ náà ni iná gba abẹ́ rẹ̀ jó. Ìmọ̀ òwe kò dí ìjà lọ́nà.

Orúkọ tí a fi ń pe ara wa

Èdè ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ni gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà ‘ẹgbẹ́’. Kí ẹgbẹ́ òṣèlú tó dé, ènìyàn kan a máa wà nínú ẹgbẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹgbẹ́ ọdẹ, ẹgbẹ́ àwọn tí a jọ dàgbà, ẹgbẹ́ oníṣòwò, ẹgbẹ́ àdúrà. Ọdẹ tí o bá ṣe ìpàdé ní àná lè jẹ́ alátakò rẹ lórí ọ̀rọ̀ oyè lónìí, kí ó sì tún jẹ́ àna rẹ. Okùn wọ̀nyí kọjá lórí ara wọn, ìyẹn ni kò fi jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn fa ènìyàn ya. Láti 1951, nígbà tí Action Group fi ara hàn ní gbangba ní Ọ̀wọ̀, irú ẹgbẹ́ tuntun kan wọlé tí kò gba kí ọmọ rẹ̀ wà nínú èkejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi pè é, ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ yàtọ̀.

Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ni àwọn ará ìlú ń pe Action Group nítorí àmì rẹ̀; NCNC sì ni Ẹgbẹ́ Alákùkọ. Orúkọ wọ̀nyí kò ba ẹnikẹ́ni jẹ́: ọ̀pẹ kò bú àkùkọ. Afẹ́nifẹ́re, tí Action Group tún ń jẹ́, ni ó yẹ kí a fura sí. Orúkọ tí ó dùn ni, ó sì bá ètò wọn mu, pàápàá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìn-ín-ní 1955, tí ọmọ ọlọ́pẹ àti ọmọ alákùkọ jọ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ tiwa bá jẹ́ àwọn tí ó fẹ́ ire fún ènìyàn, kí ni a ó máa pe ẹni tí kò sí nínú rẹ̀? Orúkọ náà ti dáhùn kí a tó béèrè.

Ọ̀rọ̀ tí ó burú jù lọ wọlé lẹ́yìn ìpàdé àpapọ̀ Action Group ní Jọ́ọ̀sì ní Oṣù Kejì 1962, níbi tí ìyapa Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá ti hàn sí gbogbo ayé: ‘ọ̀dàlẹ̀’. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú rárá. Ilẹ̀ tí a mu ni ọ̀dàlẹ̀ dà. Ìdájọ́ rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ ènìyàn, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò mú un. Bí a bá pe ẹni tí ó yí èrò padà lórí ètò ìjọba ní ọ̀dàlẹ̀, a ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò níbi tí àwọn àgbà ti lè dá sí i. A lè bẹ alátakò, a sì lè parí ìjà pẹ̀lú ọ̀tá, ṣùgbọ́n ètùtù nìkan ni ó kù fún ọ̀dàlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé èébú ni a ń bá wí. Yorùbá mọ bí a ti í bú ènìyàn láìsí pé ilé fọ́. Ní ọjọ́ Òkèbàdàn ní Ìbàdàn, àwọn ènìyàn a máa fi orin bú ara wọn ní ìgboro, títí kan àwọn ẹni ńlá. Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, Ẹ̀fẹ̀ a máa tú àṣírí àwọn aláṣẹ ní òru, ilẹ̀ a sì mọ́. Èébú tí ó ní ọjọ́ tirẹ̀ àti ibi tirẹ̀ kò ba ìlú jẹ́.

Ohun tí ẹ̀sìn kò fọwọ́ kàn

Kí ni ó wá jẹ́ kí agboolé gba ẹ̀sìn mẹ́ta? Ìdáhùn tí ó ṣe kókó wà nínú òfin ilẹ̀. Ọmọ tí ó di Mùsùlùmí kò pàdánù ìpín rẹ̀ nínú oko ìdílé. Ọmọ tí ó di ọmọ ìjọ kò pàdánù yàrá rẹ̀. Oyè ìdílé kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdílé ti wà kí ẹ̀sìn àjèjì tó dé, ẹ̀sìn kò sì gba àṣẹ láti pín ogún ilẹ̀. Nítorí náà, ìyàtọ̀ lórí bí a ti ń gbàdúrà kò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Níbi tí ẹ̀sìn bá ti fọwọ́ kan ohun tí a jọ ni, ìjà dé gẹ́gẹ́ bí ó ti dé lórí òṣèlú. Ní Abẹ́òkúta ní 1849, àwọn kan nínú àwọn olóyè dìde sí àwọn tí wọ́n gba ẹ̀sìn Kírísítì, wọ́n dè wọ́n, wọ́n sì nà wọ́n. Jésù kọ́ ni ó fa ìbínú náà. Ìsìnkú wà nídìí rẹ̀: àwọn onígbàgbọ́ kò fẹ́ kí Ògbóni sin òkú wọn mọ́, àṣẹ àti owó tí ó so mọ́ ìsìnkú sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín. Ìyẹn ni pé Yorùbá tí a ń yìn fún ìfaradà ẹ̀sìn jà lórí ẹ̀sìn nígbà tí ẹ̀sìn yẹ ohun àjọni. Àpẹẹrẹ yìí ni ó jẹ́ kí a gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú ìwà tí a bí mọ́ni.

Ohun tí ẹgbẹ́ òṣèlú fọwọ́ kàn

Ẹgbẹ́ òṣèlú kò bá pẹpẹ tí ó mọ́ nílẹ̀. P. C. Lloyd ti kọ ọ́ ní 1955 pé àwọn ẹgbẹ́ ń wọ inú ìlú gba ojú àríyànjiyàn tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ilé ọba kan bá wọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ilé tí ó ń bá a du oyè yóò wọ Ẹgbẹ́ Alákùkọ, láìka ohun tí èyíkéyìí nínú ẹgbẹ́ méjèèjì sọ pé òun fẹ́ ṣe sí. Ó pẹ́ lẹ́yìn náà, ní 1981, kí a tó tún rí i kedere nígbà tí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ jà: UPN ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà ní Ifẹ̀, NPN ni ọ̀pọ̀ wà ní Modákẹ́kẹ́, ìjà ilẹ̀ àti ipò ìlú sì ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ kí ẹgbẹ́ méjèèjì tó wà. Ó yẹ kí a rántí èyí nígbàkúùgbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ‘ìyàtọ̀ èrò’. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, èrò kọ́ ni ó yàtọ̀.

Síbẹ̀, ìjà ilé ọba méjì kò tó láti dá iná sí gbogbo agbègbè. Ohun tí ó ṣe é ni agbára tí òfin fi lé ẹgbẹ́ tí ó bá wà nípò lọ́wọ́. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1952 àti òfin ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ti 1957 kó ìgbìmọ̀ ìlú àti ilé ẹjọ́ sí abẹ́ àṣẹ ìjọba agbègbè. Ní ojú ìwé, àtúnṣe ni: a gba agbára lọ́wọ́ àwọn tí Òyìnbó fi jẹ, a sì fi í fún àwọn tí ìlú dìbò yàn. Ní ìṣe, ìgbìmọ̀ ìlú tí kò bá ṣe ti ẹgbẹ́ ìjọba lè di èyí tí a tú ká, kí a sì fi àwọn ènìyàn mìíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn ènìyàn yìí ni yóò pinnu iye owó orí ẹni. Àwọn ni yóò pín ibùsọ̀ ní ọjà. Àgbẹ̀ tí ó ní ẹjọ́ ilẹ̀ yóò bá adájọ́ tí ìjọba kan náà yàn sípò.

Ẹgbẹ́ méjèèjì ni ó lo agbára náà, ẹni tí ó bá sì kọ ìtàn yìí bí ẹni pé ẹgbẹ́ kan nìkan ni kò kọ ọ́ tán. Ní Ọ̀yọ́ ní 1954, ìjà láàárín àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn Aláàfin Adéníran Adéyẹmí Kejì mú ẹ̀mí lọ, ìjọba Action Group sì lé Aláàfin kúrò ní ìlú. Ní Ìbàdàn, ìwádìí tí E. W. J. Nicholson ṣe lórí ìgbìmọ̀ ìlú tí Adégòkè Adélabú jẹ́ alága rẹ̀ parí ní 1956. Ìmọ́tótó ìjọba ni àwọn ọlọ́pẹ pè é. Àwọn ọmọlẹ́yìn Adélabú ní idà ni wọ́n yọ sí àwọn. Nígbà tí Adélabú kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 25 Oṣù Kẹta 1958, ìlú gbaná. Ọmọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti àwọn tí wọ́n lọ́wọ́ nínú gbígba owó orí wà lára àwọn tí a pa. Ó yẹ kí a kíyè sí àwọn tí a kọjú sí: àwọn agbowó orí.

Ọ̀rọ̀ kòkó tún wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí Coker ní 1962 fi hàn pé owó ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ti gba ọwọ́ ilé-iṣẹ́ kan dé àpò Action Group. A mọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ tí ó gbé ìwádìí náà kalẹ̀ ní ìdí òṣèlú tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó láti ojú àgbẹ̀ kan tí ń dìbò fún àkùkọ: kòkó tí òun àti ọmọ rẹ̀ gé, tí wọ́n sá, tí wọ́n gbé lọ sí orí òṣùwọ̀n, ni a fi ń ná owó ìdìbò fún ọ̀pẹ. Kò sí ibòmíràn tí ó lè tà á sí. Ẹ̀sìn kankan kò tíì ṣe irú èyí sí i.

Lẹ́yìn ìjà inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 25 Oṣù Karùn-ún 1962, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì, ó sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alábòójútó títí ọdún náà fi parí. Akíntọ́lá padà sórí oyè ní ọjọ́ kìn-ín-ní 1963. Awólọ́wọ̀ wọ ẹ̀wọ̀n ní ọdún kan náà. Ẹgbẹ́ tí a ń pè ní Dẹ́mọ̀ dìde ní 1964. Irinṣẹ́ tí Action Group rọ ni Dẹ́mọ̀ mú. Ọba Samuel Akínsànyà, Ọdẹmọ Ìṣarà, tí kò fi ìfẹ́ rẹ̀ sí Action Group pa mọ́, rí i pé ìjọba dín owó rẹ̀ kù sí kọ́bọ̀ kan. Kọ́bọ̀ kan kì í ṣe ọ̀nà àtifi owó pamọ́. Iṣẹ́ ni wọ́n fi rán sí gbogbo ọba yòókù.

Ibi eré pàápàá kò bọ́. Nígbà tí Hubert Ògúndé gbé Yorùbá Ronú jáde ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní agbègbè náà; ìjọba ológun ni ó tú òfin náà ní 1966. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ lórí eré oníṣe sábà máa ń ka èyí sí ọ̀rọ̀ òmìnira òṣèré, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn eré Ògúndé tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ọlọ́pẹ àti Dẹ́mọ̀ ti lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín papọ̀. Nígbà tí a ti í, ibi kan sí i ti bọ́ lọ́wọ́ ìlú.

Báyìí ni ìdìbò 11 Oṣù Kẹwàá 1965 ṣe dé. Bí a bá fi ojú ẹni tí ó wọlé tàbí tí kò wọlé nìkan wò ó, a kò ní mọ ìdí tí àgbẹ̀ fi gbé epo bẹntiróòlù. Ohun tí ó wà nínú àpótí ìbò ni owó orí rẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀, iwọ̀n kòkó rẹ̀ àti ọba rẹ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí i pé a ti yí ìbò, ‘wẹ́tíẹ̀’ bẹ̀rẹ̀: a rin ènìyàn tàbí ilé ní epo, a sì ṣáná sí i. Láàárín ará ilé kan náà ni ó ti ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn. Kò dáwọ́ dúró títí àwọn ológun fi pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn ní 15 Oṣù Kìn-ín-ní 1966.

Ẹni tí ó bá ṣe iyèméjì pé owó orí lásán lè tó ìjà, kí ó wo Àgbẹ́kọ̀yà. Ní 1968 sí 1969 tí àwọn àgbẹ̀ dìde, ìjọba ológun ti fi òfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú. Kò sí ọ̀pẹ, kò sí Dẹ́mọ̀. Ìjà náà kò rọlẹ̀ títí ìjọba fi dín owó orí kù sí pọ́n-ùn méjì.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nínú ìpàdé

Ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ìdílé àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú dá lẹ́yìn àwọn ọdún wọ̀nyí ni pé kí a má sọ ọ̀rọ̀ òṣèlú nínú ìpàdé rárá. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà a tilẹ̀ máa kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn. A kò kẹ́gàn rẹ̀. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ìsìnkú lọ́wọ́ ìtìjú. Ṣùgbọ́n ó ń tọ́jú ibi tí kò dùn wá jù. Àríyànjiyàn lórí tábìlì kò fọ́ agboolé kankan ní 1965. Bí akọ̀wé ìdílé bá fi orúkọ àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a ń kọ orúkọ fún ajílẹ̀ ìjọba nítorí ẹgbẹ́ tí ó wà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nínú ìpàdé kò ní wúlò. Ìlànà kejì tí a tún ń rí ni pé kí ìdílé fi ọmọ kan sí ẹgbẹ́ kan, kí ó fi òmíràn sí èkejì, kí ọwọ́ má baà dilẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ó bá wọlé. Ọgbọ́n àgbẹ̀ ni èyí, ó sì jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ pé ẹni tí kò ní ènìyàn nínú ẹgbẹ́ ìjọba kò ní rí ìpín rẹ̀ gbà.

Àkúrẹ́, 1983

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a ti lè dán èrò yìí wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Akin Ọmọ́boríowó ni igbákejì gómìnà Adékúnlé Ajásin lábẹ́ UPN. Nígbà tí UPN kò fà á kalẹ̀, ó kọjá sí NPN, wọ́n sì jọ du ipò náà ní Oṣù Kẹjọ 1983. Ọ̀rọ̀ ‘ọ̀dàlẹ̀’ tún jáde. Nígbà tí àjọ tí ń ṣètò ìdìbò kéde pé Ọmọ́boríowó ni ó wọlé, Àkúrẹ́ àti àwọn ìlú mìíràn gbaná.

Ọláìyá Fágbàmígbé wà lára àwọn tí a pa. Ó ti kúrò ní UPN bọ́ sí NPN. Àwa tí ń ka àpilẹ̀kọ yìí mọ orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìwé: ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Àkúrẹ́ tẹ ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá jáde, a sì ń lò wọ́n ní ilé ìwé láìbéèrè ẹgbẹ́ ẹni tí ó kọ wọ́n tàbí ti ẹni tí ó tẹ̀ wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe ohun àjọni fún gbogbo wa ni ìlú pa.

Láàárín ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, ilé ẹjọ́ yí èsì náà padà, wọ́n sì búra fún Ajásin. Ohun tí àwọn tí ń jó ilé ń béèrè ni ilé ẹjọ́ fún wọn, wọn kò sì dúró dè é. Èrò tiwa ni pé ìwà ìkánjú kọ́ ni ó fà á. Àwọn tí wọ́n ti pé ogún ọdún ní 1962 ti di ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ní 1983, ilé ẹjọ́ tí wọ́n mọ̀ láti ìgbà èwe wọn sì ní ẹgbẹ́ tí ó ni ín. Ìjọba Ajásin náà kò ju oṣù mẹ́ta lọ kí ológun tó gba àṣẹ ní 31 Oṣù Kejìlá.